Ẹni Tó Ń Di Ọ̀pá Mú

“Gbé e sókè díẹ̀ sí i. Ó tó. Má mira o.”

Tinúkẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá irin náà mú, kò sì mira. Bàbá rẹ̀, Dókítà Ọlábánjí, ti ki orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń da omi sínú rédíétọ̀ ọkọ̀ Dátsọ̀n wọn. Ọyẹ́ ń gbá eruku kọjá láàárín àwọn igi dógóyárò tó wà ní kọ́tà àwọn olùkọ́ yunifásítì ní Sámárù nílùú Sáríà, ètè ọmọ náà ti gbẹ, ó ti là. Síbẹ̀, bí ẹ bá ní kó gbé ọ̀pá yẹn fún ẹlòmíràn, yóò bá yín jà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ní ìgbà tí mò ń sọ yìí, ní nǹkan bí ọdún 1981, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ní ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fi ń ti bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ ó gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ ó ki orí ọ̀pá náà bọ ihò kan lábẹ́ rẹ̀, ẹ ó sì máa bá iṣẹ́ yín lọ. Ti Dókítà kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Akọ màlúù kan ló já kúrò nínú agbo ní ọ̀nà Ṣíkà, tó fi orí sọ iwájú ọkọ̀ náà. Ẹ gbà mí o! Ọkùnrin tó jẹ́ pé koríko tí màlúù yóò jẹ yó ló ń fi gbogbo ayé rẹ̀ wádìí, màlúù náà ló wá ba ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́. Páńẹ́bítà lu bọ́nẹ́ẹ̀tì náà títí ó fi padà tẹ́jú, ṣùgbọ́n ihò tí ọ̀pá ń wọ̀ ti fẹ̀ jù. Bí wọ́n bá ti ki ọ̀pá bọ̀ ọ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi yọ̀. Ó wá di dandan kí ẹnì kan máa di ọ̀pá mú kí ẹnì kejì tó lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

Ìyá Tinúkẹ́ ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹni náà. Yóò máa kọrin, yóò máa fi ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Yóò ní, “Dókítà màlúù, ẹ ṣe kíá, ọwọ́ ń ro mí!” Nígbà tí òjò ọdún yẹn ń kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé obìnrin náà lọ. Wọ́n sin ín sí Ọ̀yọ́, bàbá àti ọmọ padà sí Sáríà, ilé sì pa lọ́lọ́.

Dókítà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kì í lu ọmọ, kì í sì í jágbe mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ ló tán lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, yóò ní, “Ṣé o ti jẹun?” Tinúkẹ́ yóò ní, “Mo ti jẹun, sà.” Ó parí nìyẹn. Yóò wọ yàrá ìwé rẹ̀, yóò pa ilẹ̀kùn dé. Ọmọ náà nìkan ni yóò jókòó sídìí tábìlì ńlá, yóò máa gbọ́ ìró ṣíbí ara rẹ̀. Ní ilé ìwé, Gẹ̀ẹ́sì àti Haúsá ni. Ní ọjà, Haúsá ni. Sáríà ni wọ́n bí i sí, Haúsá yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹni tó ń fi Yorùbá bá a sọ ju ọ̀rọ̀ oúnjẹ yẹn lọ. Àárò ìyá rẹ̀ ń sọ ọ́, àárò bàbá rẹ̀ pẹ̀lú sì ń sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé.

Àfi ní ọjọ́ Sátidé. Bóyá nítorí pé kò ní láti wo ojú ọmọ náà ni o, èmi kò mọ̀, ṣùgbọ́n bí orí Dókítà bá ti wọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì báyìí, ẹnu rẹ̀ á là. Yóò sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Yóò sọ bí ìyá Tinúkẹ́ ṣe kọ́kọ́ kọ̀ láti gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nítorí pé taya rẹ̀ ń jò. Yóò sì máa tún Yorùbá ọmọ rẹ̀ ṣe.

“Dádì, omi ti sauka,” Tinúkẹ́ á wí.

“Kí ló ń jẹ́ sauka? Omi ti lọ sílẹ̀. Tún un wí.”

“Omi ti lọ sílẹ̀.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Bí ìyá rẹ gẹ́lẹ́ lo ṣe wí i yẹn.”

Gbólóhùn bẹ́ẹ̀ nìkan, Tinúkẹ́ lè máa jẹ ẹ́ bí ẹní jẹ obì títí ọ̀sẹ̀ yóò fi yí po. Ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ràn ọ̀pá irin tútù yẹn ju ohunkóhun tó wà nínú ilé wọn lọ.

Ní Sátidé tí a fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, Tinúkẹ́ pa ọwọ́ dà lórí ọ̀pá náà, bọ́nẹ́ẹ̀tì sì mì díẹ̀. Dókítà yọ orí jáde. Ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó rí ibi tí irin ti sọ ọ́ di pupa.

“Ó ń dùn ọ́?”

“Rárá, sà.”

Dókítà wo ọwọ́ náà títí. Ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó wọlé lọ. Tinúkẹ́ kò ka ìyẹn sí nǹkan kan.

Láàárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, nígbà tó ti ilé ìwé dé, ó bá Sàlíhù nídìí ọkọ̀ wọn. Ọmọ Ìlọrin ni Sàlíhù, mẹkáníìkì ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Kwángílà, òun ni ó sì ń bá èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn olùkọ́ Sámárù tún ọkọ̀ ṣe.

“Ẹ kú iṣẹ́, Bọ̀dá Sàlíhù. Kí ló ṣe ọkọ̀?”

“Kò sí nǹkan tó ṣe é. Dádì yín ló ní kí n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ!” Sàlíhù rẹ́rìn-ín. “Wá wò ó. Ọ̀pá onígáàsì ni. Mo yọ ọ́ lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ kan tó ti di àlòpatì ní Kwángílà. Gáàsì ni wọ́n há mọ́nú ẹ̀. Ìkan lọ́tùn-ún, ìkan lósì. Bí o bá ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì díẹ̀ báyìí…”

Ó kàn fi ìka méjì gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọ̀pá náà mí fíìì, wọ́n nà, wọ́n gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ sókè fúnra wọn, ó sì dúró gbọn-in. Ẹnikẹ́ni kò dì í mú.

“Wáláhì, kò sí olùkọ́ kan ní Sámárù yìí tó ní irú ẹ̀,” ni Sàlíhù wí. Ó fi síkúrúdíráfà tọ́ka sí wáyà kékeré kan tó ká mọ́ orí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá náà. “Ṣé o rí wáyà yìí? Òun ni kì í jẹ́ kí orí ọ̀pá yọ kúrò níbi tí mo ki í bọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi í sí tọ̀túntòsì. Má fọwọ́ kàn án o.”

“Ọ̀pá wa àtijọ́ wá ńkọ́?”

Sàlíhù fi ẹsẹ̀ ta á nílẹ̀. “Èyí? Kí lẹ tún fẹ́ fi ṣe? Ẹ jù ú nù.”

Tinúkẹ́ gbé ọ̀pá náà, ó nu eruku ara rẹ̀, ó sì lọ fi pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀.

Nígbà tí Sátidé dé, ó gbé ike omi jáde gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti wà níta. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ti wà lókè, iṣẹ́ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

“Dádì, ẹ kò pè mí.”

“Kò sí ohun tí n ó fi ọ́ ṣe mọ́,” ni bàbá rẹ̀ wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rò pé inú ọmọ yóò dùn. “Ìdánwò WAEC ń bọ̀. Padà sínú ilé, kó o lọ kàwé rẹ.”

Kò sí ohun tí n ó fi ọ́ ṣe mọ́! Ó dáa, kí lẹ fẹ́ kí ọmọ náà ṣe? Ó wọlé, ó ṣí ìwé, kò rí nǹkan kan kà. Láti ojú fèrèsé ló ti ń wo ẹ̀yìn bàbá rẹ̀. Bàbá náà kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó fọwọ́, ó wọ yàrá ìwé rẹ̀. Sátidé kejì, bákan náà ni. Èyí tó tẹ̀lé e, bákan náà. Ilé wá dákẹ́ láti Sátidé dé Sátidé.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí Tinúkẹ́ ní ní kíláàsì ni Sarat, ọmọ oníṣòwò aṣọ kan tó ti Ìlọrin wá tẹ̀dó sí Sábọ́n Gàrí. Ilé tiwọn kún fún àbúrò, ẹ̀gbọ́n àti àlejò, ariwo kì í dáwọ́ dúró níbẹ̀. Nígbà tí Tinúkẹ́ sọ ohun tó ń dùn ún, ńṣe ni Sarat bú sẹ́rìn-ín.

“Haba! Èmi ń wá ibi tí n ó sá fún ènìyàn sí, ìwọ ń sunkún tìtorí bọ́nẹ́ẹ̀tì? Máa gbàdúrà kó bàjẹ́ nígbà náà!” Nígbà tó rí i pé Tinúkẹ́ kò rẹ́rìn-ín, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Àbí kó o kàn sọ fún Dádì ẹ.”

“Kí n ní kí ni? Kí n ní kí wọ́n máa bá mi sọ̀rọ̀?”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Kí ló burú nínú ẹ̀?”

Ojú ti Tinúkẹ́ láti sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nínú ìmọ̀ràn méjèèjì tí Sarat fún un, èyí tí ó fi ṣe àwàdà ni ó bá a délé.

Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, Dókítà fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi ìpàdé kan. Tinúkẹ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fi ẹnu kọ́ńpáàsì tó wà nínú mátísẹ́ẹ̀tì ìṣirò rẹ̀ tú wáyà kékeré orí ọ̀pá òsì, ó yọ ọ́, ó fi sínú mátísẹ́ẹ̀tì, ó sì pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kò ní ibi kankan lọ́kàn sí bàbá rẹ̀, mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn. Ohun tó rò ni pé bí Dádì bá ti ṣí i lọ́la, orí ọ̀pá yóò yọ kíá, bọ́nẹ́ẹ̀tì kò ní gbéra, Dádì yóò sì pe òun. Ọ̀pá àtijọ́ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jókòó sójú fèrèsé, ó ń dúró. Bàbá rẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bọ́nẹ́ẹ̀tì gòkè, ó sì dúró gbọn-in bí i ti tẹ́lẹ̀. Inú Tinúkẹ́ bàjẹ́. Ó ní bóyá wáyà yẹn kò tilẹ̀ wúlò. Dókítà tan ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀ kalẹ̀ láti gbọ́ ohùn rẹ̀, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé etí ibi tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ń bò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ náà ń gbọ̀n. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ńlá kan fẹ́ dé, ó sì gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì náà.

Gbàǹ!

“Tinúkẹ́!”

Orúkọ tí ọmọ náà ti ń retí láti ọjọ́ yìí wá ni bàbá rẹ̀ pè yẹn. Kì í ṣe irú ìpè bẹ́ẹ̀ ló ń retí. Ó sáré jáde láìwọ bàtà. Orí ọ̀pá òsì ti yọ, bọ́nẹ́ẹ̀tì ti wó wá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ bàbá rẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Tinúkẹ́ fi èjìká gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Dókítà fa ọwọ́ yọ. Ẹ̀jẹ̀ ti bo gbogbo ìka rẹ̀. Ọmọ náà pa ẹ́ńjìnnì, ó fi ìró ìdí rẹ̀ wé ọwọ́ náà, ó sì ń pariwo pe ará àdúgbò.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèládé, olùkọ́ tí ilé rẹ̀ fara ti tiwọn, ló fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ìka méjì ló kán ní ọwọ́ tí Dókítà fi ń kọ̀wé. Nígbà tí wọ́n ti ilé ìwòsàn dé, àwọn ará kọ́tà ti péjọ sí ẹnu ọ̀nà.

“Iṣẹ́ Sàlíhù nìyẹn!” ni Ọ̀gbẹ́ni Oyèládé wí tìbínú-tìbínú. “Mo lọ wo ọ̀pá yẹn, kò fi wáyà sí ọ̀kan nínú wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ènìyàn! Ọkọ̀ tèmi kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ mọ́ láyé.”

“Tèmi náà,” ni àwọn ìyókù wí.

Tinúkẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó yọ́ kọjá lẹ́yìn wọn, ó wọlé.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Sàlíhù fúnra rẹ̀ dé. Ìròyìn ti bá a ní Kwángílà. Dókítà ní kó jókòó sórí àga, ó kọ̀, ilẹ̀ ló jókòó sí, ó sì ṣí fìlà.

“Dókítà, ẹ fi orí jì mí. Látìgbà tí mo ti gbọ́ ni mo ti ń rò ó. Ọkàn mi ń sọ pé mo fi wáyà sí méjèèjì. Mo tiẹ̀ rò pé mo fi han ọmọ yìí. Àmọ́ bí kò bá sí níbẹ̀, a jẹ́ pé mi ò fi í síbẹ̀. Bóyá ojú mi ti ń kú. Bóyá kí n fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ kí n tó pa ọmọ ẹlòmíì.” Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì bí ẹni pé kò mọ̀ wọ́n rí.

Tinúkẹ́ kò lè gbà á mọ́ra mọ́. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ láé. Ọkùnrin yìí yóò padà sí Kwángílà, yóò gbà pé òun ti gọ̀, yóò sì pàdánù gbogbo oníbàárà rẹ̀ ní Sámárù. Bó bá sì sọ̀rọ̀, bàbá kan ṣoṣo tó kù fún un lè máà tún bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ayé. Ó dìde, ó lọ sí yàrá. Ó padà dé pẹ̀lú mátísẹ́ẹ̀tì, ó kúnlẹ̀, ó ṣí i, ó sì gbé wáyà kékeré náà sílẹ̀ níwájú wọn.

“Bọ̀dá Sàlíhù fi í síbẹ̀. Èmi ni mo yọ ọ́.”

Sàlíhù mú wáyà náà, ó yí i sọ́tùn-ún sósì. “Lá ílàhà,” ló wí, ojú rẹ̀ sì kún fún omi. Kò bínú. Ara rẹ̀ ló kàn bọ̀ sípò.

“Ìwọ lo yọ ọ́?” Ohùn Dókítà kò lọ sókè rárá. “Tinúkẹ́, kí ni mo fi ṣe ọ́?”

“Ẹ kì í pè mí mọ́, Dádì!” Ọmọ náà ti bú sẹ́kún. “Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan lẹ ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọ̀pá yẹn dé, ẹ ní kò sí ohun tí ẹ ó fi mí ṣe mọ́. Mo rò pé kò ní gbéra ni. Mo rò pé ẹ ó pè mí kí n wá dì í mú. Mi ò mọ̀ pé yóò já lé yín lọ́wọ́.”

Dókítà tẹrí ba. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ńṣe ló ń wo ilẹ̀.

“Mo rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ lọ́jọ́ yẹn, ó pupa. Mo ní, ẹ wo ọmọ tí kò ní ìyá, tó ń múra ìdánwò, tí èmi bàbá rẹ̀ tún sọ di òpó tó ń gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo rò pé mò ń sọ ẹrù rẹ kalẹ̀ ni. Èmi náà, láti ọjọ́ tí ọ̀pá yẹn ti dé, mi ò gbádùn Sátidé mọ́. Mo rò pé ó sú ọ ni.” Ó nu ojú pẹ̀lú ọwọ́ tí wọn kò dì. “Mo jẹ̀bi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n má rò pé ìyẹn wẹ ìwọ mọ́. Ìwọ lo ba orúkọ Sàlíhù jẹ́, ìwọ ni yóò sì tún un ṣe. Gbogbo ilé tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa ni wàá fi ẹsẹ̀ ara rẹ dé.”

Tinúkẹ́ sì dé ibẹ̀. Láti ilé dé ilé ló ń kúnlẹ̀, tó ń sọ ohun tó ṣe. Àwọn kan dárí jì í. Ìyàwó Ọ̀gbẹ́ni Oyèládé pòṣé sí i, ó sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ tirẹ̀ kí wọ́n má bá a rìn. Ìtìjú náà pẹ́ lára rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò lè di gègé mú, nítorí náà ó di pé ní ìrọ̀lẹ́, Dókítà á máa sọ ọ́, Tinúkẹ́ á máa kọ ọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ koríko àti màlúù, títí ọwọ́ náà fi jiná. Ìka kan nínú wọn kò padà nà tán mọ́ láéláé. Ìgbàkígbà tí bàbá rẹ̀ bá gbé ife, ọmọ náà ń rí ìka yẹn.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí ìdánìkanwà bá ń jẹ yín lọ́kàn, mo bẹ̀ yín, ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́. Ojú lè tì yín láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìtìjú yẹn kì í kán ẹnikẹ́ni ní ìka. Ẹ má fi ọwọ́ ba nǹkan jẹ́ kí ẹni tí ẹ fẹ́ràn lè bojú wẹ̀yìn. Bí ẹ bá sì ti ṣe é, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé ẹ̀bi yín lọ sílé. Ohun tí Tinúkẹ́ bẹ̀rù láti sọ fún bàbá rẹ̀ gan-an ni bàbá rẹ̀ ti ń retí láti gbọ́.

Ní Sátidé kan, nígbà tí wọ́n ti tú ohun tí wọ́n fi di ọwọ́ Dókítà, Sàlíhù wá, ó sì jẹ́ kí Tinúkẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá wáyà náà padà. Ó fi sípánà lu ọ̀pá náà, kò mì. Nígbà tó lọ tán, Tinúkẹ́ wọlé lọ kó ìwé rẹ̀ sórí tábìlì. Kò tíì jókòó tán.

“Tinúkẹ́!”

Ó sáré jáde. Bọ́nẹ́ẹ̀tì wà lókè gbọn-in, orí bàbá rẹ̀ sì ti wà lábẹ́ rẹ̀.

“Dádì, kí ni kí n dì mú?”

“Má di nǹkan kan mú. Wá dúró tì mí.”

Ó lọ dúró tì í. Kò kọ́kọ́ mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí. Ó bẹ̀rẹ̀ wo inú rédíétọ̀, ó yíjú wo bàbá rẹ̀.

“Dádì, omi ti sauka.”

Ẹ̀rín pa Dókítà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ti pẹ́ tí ọmọ náà ti gbọ́ ẹ̀rín bàbá rẹ̀ kẹ́yìn.

“Tún un wí,” ni bàbá rẹ̀ wí.